Afárá Orí Tábìlì

Lọ́jọ́ tí àwọn ajínigbé gbé Túnmiṣe lórí afárá ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, afárá yẹn kan náà wà lórí tábìlì ní pálọ̀ wa, ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ohun tó já mi láyà nìyẹn. Ẹlòmíràn gbọ́ ìròyìn náà, ó káwọ́ lérí, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Èmi, tábìlì ni mo wò.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni. Salahudeen lorúkọ rẹ̀. Ní Àbíjáǹ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fi páálí àti fóòmù ṣe ilé kékeré fún àwọn tó ń ya àwòrán ilé, ló ti kọ́ ọ. Mákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a padà wá sí Èjìgbò, ta ló fẹ́ rí ilé kékeré kó tó kọ́ ilé ńlá? Níbí, ẹni tó bá rówó á ra búlọ́ọ̀kù, ẹni tí kò bá rí á máa wo ilẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi jókòó títí, kó tó rí àwọn òyìnbó kan lórí fóònù tí wọ́n ń fi ọmọ-ogun kékeré jagun lórí tábìlì. Àgbàlagbà ni wọ́n o, kì í ṣe ọmọdé. Ọmọ-ogun wọn kò ga ju ìka lọ. Wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á ju dáìsì bíi ti lúdò, wọ́n á fi rúlà wọn ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rìn dé, ẹni tí dáìsì bá kọ̀ fún á kú. Ogun kì í dùn láìsí odò tí wọ́n máa jà lé lórí, odò ò sì wúlò láìsí afárá. Ẹnì kan nínú wọn tó ń jẹ́ Ethan ló kọ́kọ́ ra afárá lọ́wọ́ ọkọ mi, òun náà ló ń júwe wa fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọkọ mi ló ń ṣe é, èmi Qàwíyyàt ni mo ń yàn án. Bí ó bá ṣe afárá mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló máa fẹ́ràn, kò ní mọ èyí tó yẹ ká fi ránṣẹ́. Èmi ò ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìdérí ìgò mínírà nínú ike kan, torí pé ìdérí mínírà àti ohun tí ọmọ-ogun wọn ń dúró lé, ẹgbẹ́ ni wọ́n ní fífẹ̀. Afárá tí ìdérí méjì kò bá lè gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá lórí rẹ̀, mo kọ̀ ọ́. Èyí tí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ga jù tí ọwọ́ ò lè wọlé mú ọmọ-ogun, mo kọ̀ ọ́. Èyí tí àárín rẹ̀ bá yọ gọnbu tí ìdérí ń yọ̀ ṣubú, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ọ̀ṣọ́ nìyẹn, kì í ṣe afárá eré. Ọkọ mi á máa bínú. Á ní bí afárá gidi ṣe rí nìyẹn. Màá ní, ta ló fẹ́ gbà á lọ sóko?

Èyí tí mo kórìíra jù ni afárá tó ń ṣe ojúsàájú. Ethan ti ráhùn nípa ọ̀kan rí, pé ẹgbẹ́ tó bá wà lápá igi ló ń borí nígbà gbogbo, pé eré náà ti sú àwọn. Láti ìgbà náà, kí afárá kankan tó kúrò nílé wa, mo máa ń to ìdérí sí ìhà méjèèjì, màá bá ara mi jagun. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìdérí Fáńtà ń bá ìdérí Kóòkì jà, èmi ìyálé ilé sì kúnlẹ̀ sídìí tábìlì, mo ń ju dáìsì.

Ethan náà ló ní ká ṣe afárá kan láti ìlú tiwa, pé ti òyìnbó ti tó àwọn. Inú ọkọ mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó fi téèpù wọn afárá ibẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé, gbogbo ohun tó rí ló ṣe: irin ẹ̀gbẹ́ tó ti tẹ̀, kọnkéré tó ti ṣí, àwọn igi tíìkì lápá Èjìgbò, ọ̀pẹ kan tó dagun, àti ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ọ̀pẹ yẹn, lápá Èjìgbò náà, tó gba abẹ́ afárá wọ inú igbó. Koríko ojú ọ̀nà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo ní, “Bàbá Mùbárákà, ta ló ń gba ibẹ̀ yẹn?”

Ó ní, “Mi ò mọ̀. Mo rí i ni.”

Ọkọ mi nìyẹn. Ohun tó bá rí ló ń ṣe, kì í bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi wà níbẹ̀.

Mo ní kó fẹ̀ ẹ́, kó gé irin rẹ̀ kúrú, kó tẹ́ àárín rẹ̀; ó bínú, ó ṣe é. Mo to ìdérí, mo jagun. Apá Èjìgbò borí. Mo tún un tò, apá Èjìgbò tún borí. Wọ́n ní igi tíìkì tí wọ́n lè sá sí, wọ́n tún ní ọ̀nà abẹ́ afárá tí wọ́n lè lúgọ sí, apá Ifẹ̀-Ọ̀dàn ò sì ní nǹkan kan ju títì gbalasa lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan orí afárá, tí ọ̀tá sì ti lúgọ sí ọ̀nà yẹn, ó ti kú nìyẹn. Mo sọ fún ọkọ mi pé ká gbé ọ̀nà náà sódì kejì. Ó ní láéláé, pé òun ò rí i bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó jáde lọ ra gọ́ọ̀mù lọ́jà, mo mú ọ̀bẹ. Mo bó ọ̀nà náà kúrò tòun ti koríko rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mo fi ọ̀dà kùn ún. Igi fún ẹgbẹ́ kan, ọ̀nà fún ẹgbẹ́ kejì. Mo jagun, ó gún régé. Mo ní tó bá dé, á bínú, á jẹun, á gbàgbé.

Ọ̀dà yẹn ni mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí nígbà tí Débọ̀ pè mí láti ìta.

Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé wa ni Débọ̀ ti ń lẹ táyà. Ọmọ dáadáa ni. Rọ́bà dúdú tí ọkọ mi tẹ́ sórí afárá náà bíi títì ọlọ́dà, àgékù túùbù tí Débọ̀ fún wa ni. Ó ti wọlé wá wo iṣẹ́ náà rí, ó sì ti bá mi ju dáìsì rí, mo pa gbogbo ọmọ-ogun rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Mùbárákà, ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ti gbé Túnmiṣe o, tíṣà, àbúrò Oyèdèjì tó ń ta sìmẹ́ńtì. Orí bíríìjì ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni, láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń lọ síléèwé. Ọlọ́kadà tó gbé e ló sá àsálà wá sílé.”

Mo ní, “Lá ìlàhà ilà Láhù.”

“Wọ́n ní ọlọ́kadà yẹn ń sọ pé òun rí ọkùnrin kan lọ́jọ́sí, tó ń fi téèpù wọn bíríìjì náà, tó ń wọ abẹ́ ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ń wá a.”

Ó wò mí. Mo wò ó. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba, ó ń wá nǹkan nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì rí nǹkan náà títí mo fi wọlé.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Fóònù náà dún nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tó gbàgbé rẹ̀ sí. Mo jókòó sílẹ̀. Mo rò ó pé kí n jó afárá náà. Èéfín fóòmù á pe gbogbo àdúgbò. Mo rò ó pé kí n sin ín sẹ́yìn ilé. Ta ló ń gbẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ tí wọ́n gbé èèyàn? Mùbárákà ọmọ wa wà ní Masifa lọ́dọ̀ ìyá mi, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Níkẹyìn mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bo tábìlì náà. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí àwọn ọmọ-ogun díẹ̀ tí Ethan fi ṣọwọ́ sí wa fún àpẹẹrẹ. Ọkọ mi ti to wọn sórí afárá náà lálẹ́ àná, èmi náà sì tò wọ́n padà lẹ́yìn tí mo kun ọ̀dà tán, kó má baà fura. Gbogbo wọn ló gbé ìbọn dání.

Wọ́n ti kírun Àìlà tán nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Mo ti ojú fèrèsé wo ìta. Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n ti fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára jalabíà tó wọ̀ lọ sọ́jà. Bàbá Yàkúbù, olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, ló dì í mú lápá. Oyèdèjì wà lẹ́yìn wọn, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ ń ho. Èrò ló kù, àwọn èèyàn tí mo mọ̀, àwọn tó ń kí mi láàárọ̀. Débọ̀ wà láàárín wọn. Ó ń yí táyà kan bọ̀.

Mo wo táyà yẹn. Mo gbọ́ òórùn bẹntiróòlù. Mo gbàgbé orúkọ ara mi.

Wọ́n wọlé. Oyèdèjì ló ṣí ìborùn lórí tábìlì.

“Ẹ wò ó! Ẹ wá wò ó! Bíríìjì náà rèé! Àwọn ọmọ wọn rèé pẹ̀lú ìbọn!”

Mo ní, “Eré ni! Eré àwọn òyìnbó ni, ẹ̀yin èèyàn mi!”

“Eré?” Ó yíjú sí mi. “Àbúrò mi wà nínú igbó, ẹ ní eré? Tó bá jẹ́ eré ni, kí lẹ fi ìborùn bò ó fún?”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ká ní èmi ni mo wọlé bá irú nǹkan báyìí nílé onílé, tí ọmọ ìyá mi wà lọ́wọ́ ajínigbé, èmi náà á lọgun. Ohun tó mú kẹ́rù náà pọ̀ nìyẹn. Wọn kì í ṣe aṣiwèrè. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n gbàgbọ́.

Mo nawọ́ sí Débọ̀. “Débọ̀, sọ fún wọn! Ìwọ lo fún wa ní rọ́bà tó wà lórí ẹ̀. Ìwọ náà ti ta á níbí yìí. Sọ fún wọn!”

Gbogbo ojú yí sí Débọ̀. Ó ní, “Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o. Àgékù rọ́bà ni wọ́n tọrọ.”

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Bàbá Yàkúbù nìkan ni kò pariwo. Bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí tábìlì, wọ́n ń wo afárá náà bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọdẹ gbé e síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọkọ mi.

“Salahudeen. Mo rí ọ̀nà kan lábẹ́ bíríìjì yìí. Látàárọ̀ la ti ń wá ẹsẹ̀ wọn lójú títì, a ò rí i. Ṣé ọ̀nà yìí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí o kàn ṣe é ni?”

Ọkọ mi gbé orí sókè. Kò lè ríran, ojú rẹ̀ ti dí. Ẹnu tó wú ló fi sọ̀rọ̀.

“Ó wà níbẹ̀, bàbá. Mo fojú mi rí i, koríko ibẹ̀ ti tẹ́. Gbogbo ohun tó wà lórí mákẹ́ẹ̀tì yẹn, ibi tí mo ti rí i ni mo ṣe é sí, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Tí ẹ ò bá bá a bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín.”

Áà, Bàbá Mùbárákà! Ohun tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ búra lé lórí, èmi ti fi ọ̀bẹ bó o.

Bàbá Yàkúbù ń fi ìka tọ́ka fún àwọn ọdẹ wọn. “A máa sọdá bíríìjì. A máa fi ọ̀kadà sílẹ̀ lápá Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ibí yìí la máa gbà sọ̀kalẹ̀.” Ìka wọn ń rìn lórí rọ́bà dúdú, láti apá Èjìgbò lọ sí òdì kejì. Mo rí àwọn ìdérí mi. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan lórí afárá, tí ọ̀tá wà lábẹ́ ọ̀pẹ lẹ́yìn wọn. Tí mo bá dákẹ́, àwọn ọkùnrin yìí á tẹ orí afárá gidi, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí ìbọn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi ti di òpùrọ́ nìyẹn, táyà sì wà nílẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Mo ní, “Bàbá, ẹ dúró. Ọ̀nà yẹn ò sí lápá ibẹ̀.”

Ìka Bàbá Yàkúbù dúró lórí rọ́bà.

Ọkọ mi yí ojú tó wú yẹn sí mi. “Qàwíyyàt, kí lo sọ?”

“Apá Èjìgbò ni ọkọ mi ṣe é sí. Èmi ni mo gbé e sódì kejì láàárọ̀ yìí, nígbà tó ti jáde. Eré náà ń ṣe ojúsàájú, mo fẹ́ kó gún. Ẹ má gba orí bíríìjì, bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ọ̀pẹ yẹn á máa wò yín bí ẹ ṣe ń sọdá.”

Bàbá Yàkúbù fi ìka kan ọ̀nà náà. Ọ̀dà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo òdì kejì, wọ́n rí ojú ibi tí mo ti bó o, funfun fóòmù yọ síta.

Oyèdèjì pariwo. “Ẹ rí i? Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé àbúrò mi, àárọ̀ yìí náà ló tún un kùn! Wọ́n fẹ́ darí wa gba ibi tí àwọn ọmọ wọn wà ni!”

Ohun tó kàn, mi ò lè sọ ọ́ tán. Èrò ya. Ẹnì kan tì mí lulẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, táyà ti wà lọ́rùn ọkọ mi, bẹntiróòlù sì ń kán láti etí rẹ̀ sí jalabíà. Kò sunkún. Ó ń ka Kálímà, ohùn rẹ̀ wá lẹ̀.

Bàbá Yàkúbù yìnbọn sókè. Gbogbo wọn dúró.

Bàbá náà ní, “Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Ọmọ kan wà nínú igbó.” Wọ́n yíjú sí mi. “Ìyá Mùbárákà, bógún ẹni bá dáni lójú, à á fi gbárí. Tó bá jẹ́ apá Èjìgbò ni, ìwọ lo máa ṣáájú wa débẹ̀.”

Mo ní, “Màá lọ, sà.”

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkùnrin yìí kí n tó dé.”

Wọ́n ti gun ọ̀kadà, èmi náà ti jókòó sẹ́yìn ọdẹ kan, nígbà tí Oyèdèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Débọ̀. Bàbá ò gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ọ.

“Jẹ́ kí fóònù ẹ wà lọ́wọ́. Tí wọ́n bá pe ìrun Àlàásárì tí o ò tíì gbọ́ ohùn mi, àwọn ọmọ wọn ti pa wá nìyẹn. Má dúró de ẹnikẹ́ni.”

Débọ̀ mi orí pé ó ti yé òun. Mo lọgun, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀kadà ti ń bú, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Ojú ọ̀nà gbẹ, eruku ń wọ̀ mí lẹ́nu, mi ò lè pa ẹnu dé. Oòrùn ni mo ń wò. Mo ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró. A fi ọ̀kadà sílẹ̀ kí a tó dé ìtòsí afárá, a sì fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn igi tíìkì. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Débọ̀ fún Bàbá Yàkúbù. Wọ́n gbé ìka lé ètè, ojú wọn sì le débi pé mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Nígbà tí mo rí afárá gidi, ẹ̀rù tuntun bà mí. Ó há. Mi ò mọ̀ pé ó há bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kí ọkọ mi fẹ̀ ẹ́ lójú nítorí ìdérí. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Èmi ni mo ní kó gé e kúrú. Àárín rẹ̀ yọ sókè. Èmi ni mo ní kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kí ló wá kù nínú ohun tí ọkọ mi rí? Kí ni mi ò tíì bàjẹ́? Ó lè jẹ́ pé ọ̀pẹ yẹn gan-an, mo ti tì í síwájú tàbí sẹ́yìn kí ọwọ́ lè ráyè wọlé. Mi ò rántí. Orí mi ṣófo.

Mo di ojú. Mo gbìyànjú láti rí afárá náà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbé e sórí tábìlì, kí n tó fọwọ́ kàn án, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín fún ara rẹ̀. Òpó kọnkéré tó gbẹ̀yìn. Ọ̀pẹ tó dagun sí i. Lẹ́yìn ọ̀pẹ.

Mo lajú. Ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, ó dagun. Mo fi àyà wọ́ lọ síbẹ̀, ẹ̀gún koríko ń gún mi lọ́wọ́, mo sì gbá àwọn ewé sápá kan. Koríko náà ti tẹ́. Ọ̀rá píọ wọ́tà kan wà nílẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Bàbá Yàkúbù fà mí padà ní ẹsẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fi ọwọ́ pe àwọn ọdẹ, wọ́n sì wọ inú igbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, igbó pa dé lẹ́yìn wọn.

Èmi àti Oyèdèjì ló kù, a dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn igi tíìkì. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọra ní, “Ẹ pè wọ́n nílé. Ẹ̀yin náà ti rí ọ̀nà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n.”

Ó kọ̀. “Àbúrò mi ni mo wá wò, kì í ṣe ọ̀nà.”

Oòrùn ti yẹ̀ sápá ìwọ̀-oòrùn. Òjìji tíìkì ti gùn. Mo ń fetí sílẹ̀ fún ìpè ìrun tí a ò lè gbọ́ láti ibẹ̀, mo ń rí ọwọ́ Débọ̀ pẹ̀lú ìṣáná. Ìbọn dún nínú igbó. Ó tún dún. Oyèdèjì fi ojú bolẹ̀, ó ń ké orúkọ àbúrò rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Níbẹ̀ ni mo rí i pé àwa méjèèjì, ẹ̀rù kan náà ló ń bà wá. Kò sì mú kí n dárí jì í.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ewé mì. Bàbá Yàkúbù ló kọ́kọ́ jáde. Túnmiṣe wà lẹ́yìn wọn, bàtà kan ló wọ̀, ó ń rìn fúnra rẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi.”

Oyèdèjì dìde, ó sáré, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì wó lulẹ̀, wọ́n ń sunkún. Àwọn ọdẹ ń sọ pé àwọn olè náà ti sá gba odò lọ. Gbogbo wọn ń yọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ọkọ mi.

“Ẹ pe ilé!” Mo ń lọgun. “Oyèdèjì, ẹ pe ilé!”

Kò gbọ́. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sínú koríko. Mo gbé e, mo kọ́kọ́ tẹ ẹlòmíràn, kí n tó rí orúkọ Débọ̀. Ó dún. Ó dún. Ó gbé e.

Kí n tó la ẹnu, ohùn Débọ̀ ti jáde, ó rọlẹ̀, ohùn ọmọ dáadáa tí mo mọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti ń pe ìrun. Ṣé ká ṣáná sí i?”

Mo ní, “Débọ̀, èmi ni. Ìyá Mùbárákà ni. A ti rí Túnmiṣe. Ọ̀nà náà wà níbẹ̀.”

Mo ń gbọ́ ìpè ìrun lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ èrò. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ kú iṣẹ́ mà.”

Nígbà tí mo délé, àwọn èrò ti túká. Wọ́n ti tú ọkọ mi sílẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wẹ̀, ó tún wẹ̀, òórùn bẹntiróòlù ò kúrò lára rẹ̀. Táyà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni gbàgbé agboòrùn. Kò bi mí léèrè ọ̀nà tí mo gbé. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọkùnrin, mo bẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ kan orí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sídìí tábìlì, mo ń fi ọ̀bẹ bó ọ̀nà náà kí n lè dá a padà sápá Èjìgbò. Ẹgbẹ́ tó bá máa borí, kó borí. Ẹnì kan ṣalámù lẹ́nu ọ̀nà. Débọ̀ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ewu àná o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.” Ó dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀. “Ẹ̀rù ló bà mí, Ìyá Mùbárákà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi náà wà nínú ẹ̀.”

Mo tún ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ ọ̀nà náà.

Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ẹ má bínú, táyà yẹn ni mo wá mú. Oníbàárà ló ni ín, ó fẹ́ rìnrìn àjò.”

Ó yẹ kí n bú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi ò dákẹ́ rí. Èébú náà wà nílẹ̀, mo ti tò ó láti òru. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rántí ohùn yẹn lórí fóònù, èébú náà ò jáde.

Ọkọ mi ló dìde. Ojú rẹ̀ kan ti ń là. Ó gbé táyà náà nàró, ó rọra yí i dé ẹsẹ̀ Débọ̀. Ó ní, “O ṣeun, Débọ̀. Tí o bá tún rí àgékù túùbù, bá wa tọ́jú ẹ̀ o.”

“Mo ti gbọ́ sà.”

Débọ̀ yí táyà rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo bi ọkọ mi pé kí ló fẹ́ fi rọ́bà ṣe, pé ṣé orí ẹ̀ pé.

Ó ní, “Iwájú ilé wa náà ló máa wà lọ́la, Qàwíyyàt.”

Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, láàárọ̀ tí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ṣí ilẹ̀kùn tiwọn sílẹ̀ fún atẹ́gùn.